Ẹ Jẹ́ Ká Rí Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Tí Kì í Ṣe Ti Éjẹ̀ǹtì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Èkìtì àti Kábíyèsí Mẹ́ta

Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkìtì, Ọ̀gbẹ́ni Biodun Abayomi Oyebanji, ọmọ Ìkọ́gòsì. Àti sí ẹ̀yin Kábíyèsí, Ajerò ti Ìjerò, Alárá ti Arámọkọ, Aláayè ti Ẹ̀fọ̀n.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní agbègbè Ìjerò àti Arámọkọ. Mo ṣe ẹ̀gbọ́n fún yín lọ́jọ́ orí, Gómìnà, ṣùgbọ́n ipò ju ọjọ́ orí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí fìlà kí n tó la ẹnu.

Ohun tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ti wá di àṣà tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò mọ́. Bí èèyàn bá fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí ilé lágbègbè wa, éjẹ̀ǹtì ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Éjẹ̀ǹtì ni yóò fi ilẹ̀ hàn án. Òun náà ni yóò ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mo ní wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan tó mọṣẹ́." Òun náà ni yóò mú lọ́yà wá. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ rí bàbá onílẹ̀, ó mọ ilé wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé, ó ní bíríkìlà. Kí oòrùn tó wọ̀, èèyàn márùn-ún ti yí olùrà ká, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí i, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí olùrà fúnra rẹ̀ yàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi, torí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Lọ́dún 2023, àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Ọba fi owó ránṣẹ́ pé kí n bá òun ra ilẹ̀ kan sílé. Ó ní kí n jẹ́ ojú fún òun. Éjẹ̀ǹtì tí mo bá pàdé kì í ṣe àjèjì: ìjọ kan náà la jọ ń lọ, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì máa ń gbé mi nínú ọkọ̀ rẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Ó mú mi lọ wo ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Arámọkọ sí Ìjerò, ilẹ̀ gíga tó gbẹ, igi kòkó àtijọ́ mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Ó wù mí. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ rẹ̀ dé lórí ọ̀kadà pẹ̀lú téèpù àti ọmọkùnrin kan tó mú àdá dání. Òpó sìmẹ́ǹtì mẹ́rin tí wọ́n ti dà láti ilé ni wọ́n kó wá nínú àpò ìrẹsì. Bóyá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì lọ jẹ iyán. Éjẹ̀ǹtì ló san owó iyán.

Lọ́yà ní tirẹ̀, mi ò fojú kàn án rí títí di òní yìí. Àgírímẹ́ǹtì dé nínú àpòòwé, wọ́n ti fi pẹ́ńsù ṣe àmì sí ibi tí màá fọwọ́ sí. "Ibi tí àmì wà nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ sí, sà." Mo fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Owó iṣẹ́ lọ́yà, ọwọ́ éjẹ̀ǹtì ni mo san án sí, owó wọnlẹ̀wọnlẹ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó fara balẹ̀ ka ìwé náà, tí mo rí i pé lọ́yà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Èmi tí mo ń na àwọn ọmọ ilé ìwé nítorí pé wọn kò ka ìbéèrè tán kí wọ́n tó dáhùn!

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ẹnìkan da yanrìn sórí ilẹ̀ náà. Ó ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ sì ṣáájú tiwa. Ìgbà yẹn ni mo tó pe ọmọ kan tí mo ti kọ́ rí, tó di wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Adó. Ó dé, ó ní kí n má sọ̀rọ̀ fún un ná. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òpó kan, ó fi èékánná ha nọ́ńbà orí rẹ̀, ọ̀dà pupa sì ń bọ́ sí i lọ́wọ́. "Sà," ó ní, "nọ́ńbà yìí, inú sìmẹ́ǹtì ló yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí nígbà tó ṣì tutù. Ọ̀dà ni wọ́n fi kọ èyí." Ó fi ẹsẹ̀ ti òpó náà, ó ṣubú bí ẹni tí oorun ń kùn. Kò wọlẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé sọ́fè wa, ó tẹ àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun ilẹ̀ wà sínú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo tẹ̀ lé e. A sọ̀ kalẹ̀ láti ibi igi kòkó, a kọjá oko ẹ̀gẹ́ kan, a dé etí odò, ó sì ń lọ. Òdìkejì odò, nínú àbàtà tí koríko ga jù wá lọ, ló ti dúró. "Ibí ni ẹ rà, sà."

Mo ti rò ó títí. Kì í ṣe pé olè ni gbogbo wọn. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yẹn, éjẹ̀ǹtì a máa gbé iṣẹ́ fún un lóṣooṣù. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá gbé iṣẹ́ fún un láyé mi. Bí ó bá la ẹnu pé ilẹ̀ yìí ní àléébù, ọjà á bàjẹ́, éjẹ̀ǹtì kò ní rí kọmíṣọ̀n, àti pé lóṣù tó ń bọ̀, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ mìíràn ni yóò pè. Ta ni ẹ rò pé yóò mú bínú nínú èmi àti éjẹ̀ǹtì? Kò dìgbà tó bá purọ́ fún mi. Kó ṣáà dákẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Lọ́yà náà nìyẹn, bíríkìlà náà nìyẹn. Kí ló dé tí àwa olùrà fi ń rò pé èèyàn márùn-ún ló ń bá wa yẹ ọjà wò, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn kan ṣoṣo ni, tó ní ẹnu márùn-ún?

Mi ò bú éjẹ̀ǹtì o. Láìsí wọn, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní mọ pé ilẹ̀ wà ní Ìpotì tàbí ní Erìò. Mo mọ èyí tó mú lọ́yà tó dára gan-an wá fún ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹ̀fọ̀n, lọ́yà náà ló sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n má rà á. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèyàn rere tí a bá pàdé lójú ọ̀nà kì í ṣe òfin. Ẹni tó bá fẹ́ sùn kò lè gbára lé pé olè ọjọ́ náà yóò jẹ́ onínúure.

Òfin wà, ẹ̀yin ọlọ́lá, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Láti ọdún 1975 ni àjọ tí wọ́n ń pè ní ESVARBON ti wà fún àwọn tó ń ṣètò ọjà ilẹ̀ àti ilé, tí wọ́n sì ń díye lé e. Láti 1989 ni SURCON ti wà fún àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní nọ́ńbà, ẹ̀dà sọ́fè tó bá ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní rẹ́ẹ̀dì kọ́pì, sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì Sọ́féyọ̀-Jẹ́nẹ́rà ìpínlẹ̀. Òfin àwọn lọ́yà sọ pé ẹni tí kì í ṣe lọ́yà kò gbọ́dọ̀ gba owó láti kọ ìwé ilẹ̀ fúnni, òfin iṣẹ́ wọn kò sì gbà wọ́n láyè láti pín owó iṣẹ́ wọn pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe lọ́yà. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ní òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé, tí orúkọ lọ́yà náà wà lórí rẹ̀. Tiwa kò ní òǹtẹ̀ kankan. Òfin ọdún 2022 lórí fífọ owó ẹ̀gbin pàápàá kò jẹ́ kí ẹnìkan fi owó tó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ san nǹkan lówó ọwọ́. Àmọ́ ta ni ń sọ gbogbo èyí fún ìyálọ́jà tó ń kó owó àjọ rẹ̀ jọ ní Ìkòrò? Éjẹ̀ǹtì ni. Ohun tí éjẹ̀ǹtì kò bá sọ, kò sí lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Ti bàbá onílẹ̀ ló tún le jù. Láti ọdún 1959 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ lórílẹ̀-èdè ti là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika: bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsọ fún àwọn àgbà ojúlé, àwọn yẹn lè lọ bá ilé ẹjọ́ kó fagi lé e, bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, ọjà náà kò wáyé rárá. Bàbá tí éjẹ̀ǹtì mú wá fún wa wọ agbádá àràn, ó ní irùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbàdúrà fún wa títí tí ìyàwó mi fi ń sunkún. Kì í ṣe olórí ẹbí. Ojúlé kejì nínú ẹbí náà kò tilẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ń ta nǹkan kan. Bí mo bá ti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mìíràn ládùúgbò yẹn, kódà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta dòdò níwájú ilé, á ti sọ fún mi. N kò béèrè, torí "éjẹ̀ǹtì wa" ti béèrè.

Ó tún kù síbì kan tó jẹ́ ti Ìjerò ní pàtàkì. Gbogbo wa mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa: òkúta tourmaline, lithium, amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin. Lábẹ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007, ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, ọ́fíìsì kan sì wà ní Àbújá tó ń kọ ẹni tó gba àṣẹ ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èèyàn lè ra ilẹ̀ lónìí, kó rí i lọ́la pé inú ibi tí wọ́n ti fún ẹlòmíràn láṣẹ láti wa kùsà ni ilé òun wà. Mélòó nínú àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí éjẹ̀ǹtì ń mú wá ló ń wo ibẹ̀ kí wọ́n tó ri òpó mọ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ń tọrọ.

Ìkíní, Gómìnà, ẹ jẹ́ kí wọ́n lẹ àkọsílẹ̀ kan mọ́ ògiri ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìjerò, ní Arámọkọ àti ní Ẹ̀fọ̀n: orúkọ àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àti lọ́yà tó gba àṣẹ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lágbègbè wa, pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn. Kì í ṣe kí ìjọba yan ẹnikẹ́ni fún wa o. Bí ìjọba bá yan ẹnìkan ṣoṣo, éjẹ̀ǹtì míì la tún dá sílẹ̀ yẹn. Kí orúkọ náà pọ̀, kí olùrà fi ìka rẹ̀ yan tirẹ̀. Kí wọ́n máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Iye tí bébà àti gọ́ọ̀mù máa ná ìjọba kò tó owó epo ọkọ̀ kan.

Ìkejì, ẹ gbé ọ́fíìsì ilẹ̀ sún mọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ kan tàbí wọ́n ti tà á tẹ́lẹ̀, Adó ló ń lọ. Arúgbó tó wà ní Ẹ̀fọ̀n tàbí ní Òkèmẹ̀sí kò ní lọ; éjẹ̀ǹtì ni yóò rán, éjẹ̀ǹtì á sì padà wá sọ pé "ó mọ́ tónítóní". Bí òṣìṣẹ́ kan bá lè jókòó ní Arámọkọ lọ́jọ́ kan péré lọ́sẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ń rí ìwé Adó, kí wọ́n sì kọ iye owó ìwádìí sára ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà fi kún un, ó tó wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ yín, òfin yẹn náà ló sì ní kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ilẹ̀ gba ìfọwọ́sí yín kó tó tà á. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dá ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo lọ́dún 1989, wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe láìgba ìfọwọ́sí náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu éjẹ̀ǹtì la ó ti máa gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Ìkẹta ni pé kí éjẹ̀ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá dárúkọ lọ́yà tàbí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fún olùrà, kó kọ ọ́ sínú ìwé bóyá òun yóò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1974 ni òfin kan ti wà tó ka owó ẹ̀yìn fún irú ìdárúkọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọjà ilé. Ní Èkó, ìjọba ti dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń forúkọ àwọn éjẹ̀ǹtì sílẹ̀. Èkìtì ni wọ́n ń pè ní ìlú àwọn ọ̀mọ̀wé. Kò yẹ kí Èkó máa kọ́ wa ní èyí.

Kábíyèsí, tiyín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìwé kan wà láàfin tí orúkọ olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan àti àwọn àgbà ojúlé wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ rà lè wá wò ó láìsan nǹkan kan ju kó kí yín lọ. Ẹ sì sọ fún àwọn éjẹ̀ǹtì kí wọ́n yé dárúkọ ààfin. Mo ti gbọ́ "Kábíyèsí mọ̀ mí dáadáa" tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nídìí ọjà ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ kò mọ ọ̀pọ̀ wọn rí. Orúkọ yín ni wọ́n ń fi ta àbàtà.

Mo ní láti sọ èyí pẹ̀lú, kí ẹ má sì bínú sí mi. Àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá jẹ lówó ní Arámọkọ lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti gbọ́ ọ ní Manchester àti ní Houston, ilé tó yẹ kí wọ́n kọ́ sí Ìjerò á sì bọ́ sí Ìbàdàn. Àbúrò ìyàwó mi ti rà síbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ẹjọ́ ilẹ̀ a máa pẹ́ ju ẹni tó pè é lọ. Àwọn ọmọ wọn ló máa ń jogún ìkanra náà. Ilẹ̀ tí Fábùnmi Òkèmẹ̀sí àti àwọn ará rẹ̀ fi ogun Kírìjì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀, àwa ọmọ wọn ti ń fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ àti ọ̀dà pupa gbà á lọ́wọ́ ara wa. Bí ọ̀dọ́ méjì bá fi àdá bá ara wọn jà lórí òpó tí kò wọlẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ má sọ pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún yín. Lẹ́tà yìí ni ìkìlọ̀ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, tí ẹ sì fẹ́ rà: ẹ gba orúkọ tí éjẹ̀ǹtì bá fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá ẹyọ ẹnìkan sí i tí éjẹ̀ǹtì kò mọ̀, tí owó rẹ̀ ń ti ọwọ́ yín jáde tààrà. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò yẹn gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà péré lọ́wọ́ mi fún owó ọkọ̀. Ká ní mo ti pè é ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú ìgbà yẹn ni.

Ní ti owó wa, wọ́n ti dá díẹ̀ padà. Èyí tó kù, éjẹ̀ǹtì ní òun ń bá bàbá alágbádá sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. A ṣì ń kí ara wa. Òpó sìmẹ́ǹtì kan lára mẹ́rin náà wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìjerò, ìyàwó mi ń so okùn ewúrẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀dà pupa orí rẹ̀ ti ṣí tán, àmọ́ bí ẹ bá rán ẹnikẹ́ni wá láti ọ́fíìsì ilẹ̀, màá tú okùn náà kí ó lè wò ó dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjerò-Èkìtì.